Ọdún Mẹ́sàn-án Mi Nínú Yàrá Ìfọṣọ Ọkọ̀ Òkun, àti Ọ̀sẹ̀ Méjì Ìsinmi Màámi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń jáde ní girama lọ́dún yìí, mẹ́ta nínú yín wá bá mi níbi tí mo ti ń sá ìlédìí ọmọ, ẹ ní kí n wí fún yín irú iṣẹ́ tó dára. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ sì ń bi mí bí ẹni ń bi àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Òótọ́ ni ṣá. Mo ti kọ́ iṣẹ́, mo ti bà á jẹ́, mo ti tún un ṣe, mo sì ti fi í sílẹ̀. Ọmọ ti sùn. Kí n yára kọ ọ́ kó tó jí.

Iṣẹ́ mi ni kí n fọ aṣọ, kí n lọ̀ ọ́, kí n sì ká a, nínú ọkọ̀ ńlá kan tí ń gbé àwọn tó fẹ́ sinmi kiri orí òkun. Kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù o. Àwọn èèyàn á sanwó, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní Àpápá, ọkọ̀ á gbé wọn dé Tẹmà, á gbé wọn dé Àbíjáànù, á gbé wọn dé Frítáùn àti Dàkáà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì á dá wọn padà síbi tó ti gbé wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún màámi, wọ́n bi mí léèrè pé:

"Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, kò sí ọjà tí wọ́n lọ rà?"

"Kò sí, Màámi."

"Kò sí òkú tí wọ́n lọ sin?"

"Kò sí."

"Họ̀wù! Ṣé ilé wọn ń jò ni?"

Aláró ni màámi, nílé wa ní Ìwó. Aró ni wọ́n fi rán mi nílé ìwé láti fọ́ọ̀mù kejì tí bàbá mi ti kú. Láti orí èékánná títí dé ìgúnpá, ọwọ́ wọn méjèèjì dúdú bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́. Mi ò rí wọn kí wọ́n jókòó rí, àfi bí wọ́n bá ń jẹun tàbí tí wọ́n ń tú okùn ara aṣọ. Bí a bá ní kí wọ́n sinmi, wọ́n á ní, "Ìsinmi ń bẹ ní sàréè. Kò sẹ́ni tó máa bá mi dù ú." Ọ̀rọ̀ yẹn a máa dùn mí. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ìtàn yìí.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá. Ó gbọ́ pé wọ́n ń wá ọmọbìnrin tó mọ̀wé díẹ̀ tí kò sì bẹ̀rù omi. Mo purọ́ lórí ti omi. Àwọn olóṣèlú ṣì wà nílé ìjọba nígbà náà, owó epo ṣì ń ta sánsán lára àwọn ọlọ́rọ̀. Owó oṣù náà tó fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn mọ síbẹ̀.

Ọ̀gá mi ni kí ẹ gbọ́. Bàbá Kútà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Kútà ni wọ́n ti wá lóòótọ́, ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Ìwó bí mọ́tò bá kọṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní a jẹ́ ará kan náà. Mo rò pé ìyẹn á mú wọn rọ̀ sí mi.

"Ìwó, ọmọ odídẹrẹ́," ni wọ́n wí. "Ṣé ẹnu ni wọ́n fi ń fọṣọ níbí?"

"Rárá, sà."

"Pa á dé nígbà náà."

Oṣù mẹ́ta gbáko, mi ò fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù. Kíká ni. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìrọ̀rí, aṣọ ìnura. Bí mo bá ká a tán, Bàbá Kútà á dijú, wọ́n á fi àtàǹpàkò tọ etí aṣọ náà. Bí igun kan bá fi ìbú èékánná kan yọ ju èkejì lọ, wọ́n á gbọ̀n ọ́n tú. "Tún un ká." Ọjọ́ kan wà tí mo ká ẹyọ aṣọ kan láti ìdájí títí oúnjẹ ọ̀sán fi dé. Omijé ń bọ́ sórí rẹ̀, wọ́n tún ní mo ti jẹ́ kó rin.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ náà pé, "Sà, ta ló máa mọ̀? Ṣebí wọ́n á sùn lé e ni."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú bàbá wọn. "Ẹni tó máa sùn lé e yẹn, ó ti fi odidi ọdún kan ṣiṣẹ́ kó tó débí. Bí ìlà kan péré bá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti rántí ilé nìyẹn. Nítorí kó má baà rántí ilé ló ṣe sanwó."

Ọjọ́ tí wọ́n wá gbé áyọ́ọ̀nù lé mi lọ́wọ́, inú mi dùn débi pé mo ṣe ohun tí mo máa ń ṣe nílé. Eléèédú la ń lò ní Ìwó. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbóná, ẹ ó fẹ́ ẹ. Mo gbé áyọ́ọ̀nù oníná mànàmáná sókè, mo fẹnu sí i lẹ́yìn, mo fẹ́ ẹ, fúù! Bàbá Kútà jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àwọn awakọ̀ lókè gbọ́ ọ.

Òfin wọn kan wà tí wọ́n ń wí lójoojúmọ́: kò sí ẹrù rírù. Ọmọlańkẹ́ la fi ń kó aṣọ. "Orí rẹ mọ ọ̀nà Odò Ọbà nílé, kò mọ àtẹ̀gùn ọkọ̀. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru." Mo máa ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," bí ẹni tó gbọ́.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ni àwọn èèyàn ń rí nínú irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Èmi náà bi ara mi fún odidi ọdún kan. Mo rò pé oúnjẹ ni, nítorí oúnjẹ pọ̀. Mo rò pé afẹ́ ni. Títí di ọjọ́ tí mo gbé aṣọ lọ fún ìyá àgbà kan, opó ará Ìbàdàn tó ní ilé àti ọmọ púpọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga gígùn lókè ọkọ̀, wọn kò ṣe nǹkan kan. Mo kí wọn, mo ní ṣé kò sí ohun tí wọ́n fẹ́.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí ẹnì kan kò kan ilẹ̀kùn mi pé, 'Màmá, ẹ wá o, ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀.' Jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀."

Ìgbà náà ni ó yé mi. Nílẹ̀, bí ẹ bá ní ẹ ń sinmi, ọ̀rọ̀ á fẹsẹ̀ rìn wá bá yín. Lójú omi, kò lè rìn. Ẹ ó sùn ní ìlú kan, ẹ ó jí ní òmíràn, ẹ kò di ẹrù, ẹ kò bá awakọ̀ jà. Nígbà tí àwọn sójà sì wá gba ìjọba, tí gbogbo ayé ń tò sórí ìlà, ìlà mọ́tò, ìlà mílíìkì, ìlà ọṣẹ, àwọn èrò wa a máa wọkọ̀, wọ́n á máa wo iwájú wo ẹ̀yìn, wọ́n á ní, "Ìlà dà?" A ó ní kò sí. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó sunkún nítorí ìyẹn.

Láti ọjọ́ opó yẹn, màámi ni mo ń rí lórí àga náà.

Ọ̀nà kan sì wà. Ilé-iṣẹ́ wa ní àṣà kan: òṣìṣẹ́ tó bá lo ọdún márùn-ún tí wọn kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan sínú ìwé rẹ̀, wọ́n á fún un ní ìwé ọ̀fẹ́ kan, kí ìbátan rẹ̀ kan wá rìnrìn àjò gẹ́gẹ́ bí èrò. Mo sọ fún màámi. Wọ́n ní òkun kì í ṣe Odò Ọbà, àwọn kò lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé, wọ́n á dọ́gbọ́n bi mí pé, "Ó ku ọdún mélòó tí n kò ní í lọ?"

Ó ku oṣù méjì péré kí ó pé.

Màámi fi ìró aró tuntun kan rán awakọ̀ mọ́tò sí mi ní Àpápá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu: "Kó ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fi kan aṣọ funfun." Àárò ilé ń sọ mí, mo kàn ró o mọ́ orí aṣọ iṣẹ́, mi ò ṣàn án. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa dé Frítáùn, táyà ọmọlańkẹ́ yọ. Ogójì aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì tó dọ̀tí wà lókè, wọ́n sì fẹ́ ká fọ̀ ọ́ kíákíá. Kí ni ọmọ Ìwó ṣe? Mo tú ìró ìdí mi, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo kó gbogbo aṣọ náà lé e, mo di í ní ìdì kan ṣoṣo. Mo ṣe òṣùká. Mo gbé e rù. Mo gba àtẹ̀gùn mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ń mì, ẹrù kò mì. Mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pé ì bá ṣe pé Bàbá Kútà rí mi.

Mo dé ẹnu ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo já kókó ìdì náà, mo sì da gbogbo rẹ̀ wọlé. Gbogbo rẹ̀. Ìró náà wà lábẹ́. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mo ṣí omi gbígbóná sí i, mo lọ jẹun.

Ẹ̀rọ náà ní ojú gíláàsì róbótó. Nígbà tí mo padà, Bàbá Kútà ti tẹjú mọ́ ọn. Omi inú rẹ̀ ti dúdú bí ìkòkò aró ìyá mi.

"Sìdíkátù." Wọn kì í pe orúkọ mi pé bẹ́ẹ̀. "Kí ló wà nínú ẹ̀rọ mi?"

Ọ̀gá àgbà wa, òyìnbó obìnrin kan tí kì í gbóhùn sókè, pe àwa márààrún tí a wà nínú yàrá ìfọṣọ. Ta ló ṣe é? Ẹni tó dúró tì mí fẹ́ ọ̀rọ̀ sí mi létí: "Sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ṣé o fẹ́ pàdánù ìrìn àjò ìyá rẹ ni?" Mo wo Bàbá Kútà. Ògiri ni wọ́n ń wò. Ọkàn mi ń sáré sí ọ̀dọ̀ oṣù méjì tó kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹni tó ń bójú tó o ni wọ́n máa bi, Bàbá Kútà náà ni. Ẹni bá bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Mo nawọ́.

Wọn kò lé mi. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé mi, ọdún mi sì padà sí òdo. Ọjọ́ méjì la fi fi oògùn bílíìṣì fọ àwọn aṣọ náà, tí ọ̀nà ọ̀fun wa fi bó. Ọgbọ̀n funfun padà. Mẹ́wàá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n dúró sí àwọ̀ ojú ọ̀run ìdájí. Bàbá Kútà kò bú mi. Wọ́n kàn fi ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá náà bo tábìlì ìlọṣọ mi. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ aṣọ àwọn èèyàn lórí àṣìṣe mi.

Nígbà tí mo délé, mo jẹ́wọ́ fún màámi. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà, Màámi."

"Nínú bílíìṣì? Mẹ́wàá ò sì ṣí?" Ẹ̀rín músẹ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu, ẹ̀rín oníṣẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ọkọ̀ wá ńkọ́?"

"Ọdún márùn-ún mìíràn."

"Màá ti lọ bá bàbá rẹ." Bí ẹni ń dá iye lé aṣọ ni wọ́n ṣe wí i. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rọ tuntun dé. Róólà gbígbóná méjì ni, tó ga tó ọkùnrin. Ẹ ó ti aṣọ tútù bọ̀ ọ́ lẹ́nu níbí, á yọ ní gbígbẹ lọ́hùn-ún, ní lílọ̀, ní kíká. Bàbá Kútà mú èyí tó kọ́kọ́ jáde, wọ́n dijú, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀, wọ́n tún un tọ. Wọ́n lajú.

"Kò ṣìṣe," ni wọ́n wí. "Ohun tí kò lè ṣìṣe, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ?"

Lóṣù náà ni wọ́n kọ̀wé pé àwọn ń fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè mí, wọ́n ṣí agolo bisikí àtijọ́ kan, wọ́n yọ ìwé pupa kan jáde. Ìwé ọ̀fẹ́ ni, wọn kò lò ó rí.

"Ìyá àwọn ọmọ mi ni mo gbà á fún. Ó ní ká kọ́kọ́ wa iṣu. Ọdún kejì, ó ní ká kọ́kọ́ sọ ọmọ-ọmọ wa lórúkọ. Ọdún kẹta, èmi ni iṣẹ́ pọ̀ fún. Ọdún kẹrin mo dé Kútà, wọ́n ti sin ín." Wọ́n fi ìwé náà sí mi lọ́wọ́. "Má bá mi wí pé ọdún tó ń bọ̀."

A jọ lọ bá akọ̀wé ní Àpápá pé kó kọ orúkọ màámi sí i. Ó wo ìwé, ó wo Bàbá Kútà.

"Bàbá, ìbátan ẹni nìkan ló wà fún. Kí ni obìnrin yìí jẹ́ sí yín?"

"Àbúrò mi ni."

"Ẹ̀yin ní Kútà, òun ní Ìwó?"

"Ọmọ mi, níbi tí wọ́n ti bí ọ, ta ni kì í ṣe ìbátan rẹ?"

Akọ̀wé náà fa ìwé náà sọ́dọ̀. Ó lu òǹtẹ̀.

Bí màámi ṣe wọkọ̀ nìyẹn, lórí ìrìn àjò ìkẹyìn Bàbá Kútà. Wọ́n gbé ẹní wá, wọ́n gbé búùtà wá, wọ́n gbé gààrí wá, bí ẹni pé ojú ogun là ń lọ. Ní ìdájí àkọ́kọ́ wọ́n fẹ́ kírun, mo júwe ibi tí wọ́n máa kọjú sí. Kí wọ́n tó kírun tán, ọkọ̀ ti yí. Wọ́n bínú. "Kéábà kì í yí kiri. Lọ sọ fún wọn kí wọ́n mú ọkọ̀ dúró!"

Ọjọ́ kejì, Mọ́níkà, ará Gánà tó ń tún yàrá àwọn èrò ṣe, wá bá mi pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀. "Sìsítà Sìdí, ìyá yín fẹ́ gba iṣẹ́ mi. Mo dé yàrá, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n tún bi mí pé ṣé mo ti jẹun."

Ọ̀rọ̀ kan sì tún wà. Agbáwo kan sọ fún mi pé màámi kì í jẹun dáadáa. Abẹ́ tábìlì ni ọwọ́ wọn máa ń wà. Ó ti yé mi. Mo lọ bá wọn ní yàrá, mo di ọwọ́ aláró méjèèjì mú.

"Màámi, ẹ gbé ọwọ́ yín sórí tábìlì."

"Wọ́n ń wò ó, Sìdí."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó." Mi ò fi ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Èmi náà ti wò ó bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo wà ní girama. Ẹ dárí jì mí."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ṣebí ìyẹn ni mo ṣe wọ bùbá alápá gígùn wá síbi ayẹyẹ ilé ìwé yín, nínú oòrùn yẹn." Wọ́n wá fọwọ́ gbá mi létí jẹ́jẹ́. "Lọ ṣiṣẹ́ rẹ."

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tọ ipa òórùn ọṣẹ wá sí yàrá ìfọṣọ, wọ́n ti ká apá bùbá sókè. Bàbá Kútà dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ padà. Èrò ni yín."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ká méjì péré."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n ká."

"Èmi? Aláró ogójì ọdún?"

"Ẹ tẹ̀ lé mi." Bàbá Kútà mú màámi lọ sórí àga gígùn lókè ọkọ̀.

"Kí n jókòó kí n máa ṣe kí ni?"

"Ẹ máa wo omi."

Nígbà tí mo rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sáré gòkè lọ wò wọ́n. Wọ́n ṣì jókòó. Òkun tẹ́ lọ láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì, ó dúdú, ó tún ń dán, bí aró tó ti dá. Wọ́n kò wo ẹ̀yìn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ ìrìn mi.

"Sìdí, ta ló dá aró tó tó báyìí?" Wọ́n tẹjú mọ́ omi. "Mo sì ti ń ṣọ́ ọ láti òwúrọ̀. Kò sẹ́ni tó ń rò ó."

Nígbà tí mo tún padà, wọ́n ti sùn, lójú ọ̀sán gangan, ohun tí mi ò rí rí láyé mi. Ọwọ́ wọn wà lórí itan, ní gbangba. Ẹnì kan ti fi aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run bo ẹsẹ̀ wọn nítorí afẹ́fẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo tábìlì ìlọṣọ mi: aṣọ funfun ni Bàbá Kútà ti fi bò ó.

Ọdún mẹ́ta ni mo tún lò lẹ́yìn ìyẹn, tí mò ń ti aṣọ bọ ẹnu róólà. Lẹ́yìn náà náírà já wálẹ̀, àwọn èrò dín kù, ọkọ̀ kò ya Àpápá mọ́. Mo ti lọ́kọ nígbà náà, mo sì ti lóyún. Mo wálé.

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò mi, mi ò mọ iṣẹ́ tó dára jù. Ẹ wá ọ̀gá tó máa ní kí ẹ tún un ká. Bí ẹ bá bà á jẹ́, ẹ nawọ́. Ẹ má sì fi ìsinmi ìyá yín sí ọdún tó ń bọ̀.

Màámi ṣì ń dá aró. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n á gbé àga kan sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á kọjú sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bèèrè wọn, ìbáà ṣe oníbàárà, wọ́n á dáhùn láì yíjú padà: "Ẹ padà wá. Mo wà nínú ọkọ̀."

Jímọ̀ tó kọjá, ọmọ mi ti fi òru méjì sunkún eyín. Ọbẹ̀ ń jóná, ìlédìí kún bàsíà, èmi náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń bá ọmọ sunkún. Màámi dìde lórí àga wọn. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọjá pọ̀n ọ́n, ọwọ́ aláró dúdú lórí ọjá funfun. Wọ́n fi àgbọ̀n nà sí àga.

"Màámi, ọbẹ̀..."

"Ọbẹ̀ wà nílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ìwọ wọkọ̀."

Mo wọ̀ ọ́.